Ṣé Ó Tọ́ Kí Ẹ Ra Ẹ̀rọ SACD? Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Kí Owó Tó Jáde

Láàárín àwa olólùfẹ́ orin ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwọn ọ̀gá akọrin àti àwọn tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń béèrè nípa SACD (Super Audio CD), àwọn àwo orin tí wọ́n ní ohùn inú wọn kún ju ti sídì lọ. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí rẹ́kọ́ọ̀dù àti sídì kún kọ́bọ́ọ̀dù wọn, náà ń béèrè. Ṣé kí a ra ẹ̀rọ tí yóò máa gbé e?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró. Ọ̀pọ̀ wa kò nílò ẹ̀rọ yìí. Àwọn kan wà tó tọ́ sí, tí wọn yóò sì jẹ̀gbádùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ẹ ó fi mọ apá ibi tí ẹ wà. Ẹ tẹ̀ lé wọn bí mo ṣe tò wọ́n, torí pé èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni mo fi ṣáájú. Ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ rárá, ẹ dúró níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà

Sídì tí gbogbo wa mọ̀ dé ọjà lọ́dún 1982. Sony àti Philips ló jọ ṣe é. Bit 16 ni ìwọ̀n ohùn inú rẹ̀ (bit ni ẹyọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń kọ ohùn sílẹ̀), ìgbà 44,100 ni wọ́n sì ń wọn ohùn náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwọ̀n yìí tó láti gbé ohùn tó tinrín dé nǹkan bí 22,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Etí ọ̀dọ́ tó yá dáadáa kì í gbọ́ kọjá 20,000 Hz, bí ọjọ́ orí bá sì ṣe ń gòkè ni ìyẹn náà ń já wálẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ méjèèjì yìí kan náà ló gbé SACD jáde lọ́dún 1999. Bit kan ṣoṣo ló ń lò, ṣùgbọ́n ìgbà 2,822,400 ló ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́po 64 ti sídì. DSD ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìkọ̀hùnsílẹ̀ yìí. DVD-Audio tẹ̀ lé e lọ́dún 2000 pẹ̀lú bit 24 ní 192 kHz (kHz kan jẹ́ Hz 1,000), ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọjà rẹ̀ fi kú. Ẹ má ra ẹ̀rọ kankan nítorí òun nìkan. Lẹ́yìn náà ni Blu-ray tí wọ́n kọ orin nìkan sí dé. Universal gbé ọ̀wọ́ tirẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Ti Blu-ray yìí rọrùn, nítorí ẹ̀rọ Blu-ray tí ẹ fi ń wo fíìmù yóò gbé e. PlayStation 4 àti 5 tó ní ojú ihò àwo náà yóò gbé e. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti wà nílé, ẹ ò ní ohunkóhun láti rà ní ti Blu-ray. SACD ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ẹ fi nǹkan méjì sọ́kàn nípa SACD. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ní ìpele méjì, ìpele SACD àti ìpele sídì lójú àwo kan náà. Ẹ lè ra irú àwo bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ẹ sì gbé e sínú ẹ̀rọ sídì tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí kò ní ìpele sídì, pàápàá àwọn kan tí wọ́n ṣe ní Japan. Ẹ̀rọ sídì kò ní rí nǹkan kan kà lára wọn, nítorí náà ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó. Èkejì ni pé SACD lè gbé ohùn yíká, ọ̀nà márùn-ún pẹ̀lú ọ̀kan fún ohùn ìsàlẹ̀. Sídì kò lè ṣe èyí. Nígbà tí wọ́n bá gba ohùn akọrin nínú kàtídírà ńlá báyìí, tí gbohùngbohùn (sípíkà) iwájú ń gbé ohùn àwọn akọrin, tí tẹ̀yìn sì ń gbé bí ohùn ṣe ń lu ògiri padà, ọmọdé ilé pàápàá yóò gbọ́ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá ti ní gbohùngbohùn márùn-ún nílé tàbí tí ẹ fẹ́ ní in, èyí ni ìdí tó lágbára jù lọ láti ra SACD.

Ẹ kọ orúkọ àwo mẹ́wàá

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ orúkọ àwo mẹ́wàá tí ẹ máa gbọ́ ní tòótọ́, kì í ṣe èyí tí ẹ ó máa fi han àlejò. Lẹ́yìn náà ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ó jáde ní SACD.

Orin kíláásíkà ló pọ̀ jù nínú SACD, jásì tẹ̀ lé e, rọ́ọ̀kì àtijọ́ náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi BIS ti Sweden, Chandos ti England, Pentatone àti Channel Classics ti Netherlands, Linn ti Scotland àti LSO Live ti London ti gbé SACD jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá jẹ́ akọrin ní Kàtídírà St. David ní Ìjọmú, tàbí ní St. Stephen's ní Òkè-Àlùkò ní Oǹdó, tó jẹ́ Bach, Handel àti orin dùùrù ló kún bébà yín, ọjà yín wà níbẹ̀ gan-an.

Bó bá jẹ́ Orlando Owoh, Ebenezer Obey, Haruna Ishola àti Ayinla Omowura ló kún un, ọ̀rọ̀ yí padà. Mo fẹ́ràn àwọn orin yìí púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ ná owó yín síbi tó máa ṣe wọ́n lóore. Téèpù ni wọ́n fi gba ohùn àwọn orin ìgbà náà. Láàárín ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ àti èyí tó ga jù lọ, téèpù tí kò ní ohun tó ń dín ariwo kù máa ń fún wa ní àyè tó tó 60 sí 70 dB (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó). Ti sídì tó nǹkan bí 96 dB. Sídì ti fẹ̀ ju téèpù náà lọ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ SACD. Ohun tó ń ba orin àwọn bàbá wa jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ àdàkọ tó wà lọ́jà ni wọ́n dà láti ara rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti gbó tàbí kásẹ́ẹ̀tì tó ti fà, kì í ṣe láti ara téèpù àkọ́kọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá ohun tó ti sọ nù padà. Rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tó ṣì mọ́, abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹ̀rọ gíráámù, àti ẹni tó mọ rẹ́kọ́ọ̀dù fọ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni kí owó yín lọ.

Bí ẹ ò bá rí bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá lórí SACD, ẹ má tẹ̀ síwájú.

Ẹ dán etí yín wò láìwo orúkọ

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ọ̀fẹ́ ni, òun ló sì lágbára jù.

Lọ́dún 2007, Brad Meyer àti David Moran tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Audio Engineering Society. Wọ́n gbé ohùn SACD àti DVD-Audio fún àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n sì tún gba ohùn kan náà kọjá nínú ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di ìwọ̀n sídì. Wọn kò jẹ́ kí olùgbọ́ mọ èyí tó ń gbọ́. Nínú ìgbà 554 tí wọ́n dán an wò, ìgbà 276 ni àwọn èèyàn dá a mọ̀, kò tó ìdajì. Lọ́dún 2016, Joshua Reiss ti Queen Mary University of London kó ìwádìí 18 pọ̀, tí àyẹ̀wò inú wọn lé ní 12,500. Ó rí i pé ìdá 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà, àti pé àwọn tí wọ́n kọ́ létí ṣáájú ṣe dáadáa jù. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ìyàtọ̀ bá tilẹ̀ wà, ó tín-ín-rín. Ẹ jẹ́ kí etí tiyín sọ tirẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ orin 2L ti Norway ń fi orin kan náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, orin akọrin tí wọ́n gbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì sì wà nínú wọn. Ẹ wa ẹyọ kan tó jẹ́ bit 24 ní 96 kHz sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣọ́ dátà yín o: kí wọ́n tó fún un pọ̀, irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bíi MB 35 fún ìṣẹ́jú kan, ti sídì kò sì ju nǹkan bíi MB 10.6 lọ. FLAC, irú fáìlì tó ń fún ohùn pọ̀ láìsọ ohunkóhun nù, yóò dín méjèèjì kù.

Ẹ fi foobar2000, ètò orin kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún Windows, sọ fáìlì náà di bit 16 ní 44.1 kHz. Lẹ́yìn náà ẹ dá àdàkọ yìí padà sí bit 24 ní 96 kHz. Ẹ lè rò pé ìpadà yìí kò nítumọ̀, torí ohun tó ti kúrò ti kúrò. Ó nítumọ̀. Bí ìwọ̀n fáìlì méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ̀rọ lè ta kẹ́kẹ́ tàbí kó dákẹ́ díẹ̀ nígbà tó bá ń yí láti ọ̀kan sí èkejì, ẹ ó sì fi ìyẹn mọ̀ ọ́n dípò orin. Ẹ tún wọ ètò ohùn Windows, kí ẹ yan bit 24 ní 96 kHz, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè máa dín ohùn kù láìsọ fún yín.

Ẹ wá fi ABX Comparator kún foobar2000. Yóò gbé A, B àti X fún yín, ẹ ó sì sọ bóyá X jẹ́ A tàbí B. Ẹ ṣe é ní ìgbà 16. Ẹ má wo èsì títí ẹ ó fi parí, kí ẹ sì sinmi láàárín, nítorí etí ń rẹ̀. Ẹ lo hẹ́dífóònù oníwáyà tó dára. Bluetooth kò wúlò fún èyí rárá, torí ó ń fún ohùn pọ̀ kó tó dé etí. Bí ẹ bá gba 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò jọ pé oríire lásán ni. Ẹni tó kàn ń mú èyí tó wá sí i lẹ́nu kò ní ju àǹfààní 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láti dé ibẹ̀. Bí ẹ bá wà láàárín 6 sí 10, etí yín ti dáhùn. Bó bá jẹ́ 11, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń búra pé SACD dùn ju sídì tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀? Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó tún ohùn náà tò fún SACD ni wọ́n ń gbọ́. Àwọn tó ń ṣe sídì olórin gbajúmọ̀ láti bí ọdún 1990 ti máa ń tẹ gbogbo ohùn pọ̀ kó lè ròkè bákan náà, tí ìlù àti ìfé kò fi ní ìyàtọ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún SACD sábà máa ń mí, ohùn ń rọlẹ̀, ó sì ń ròkè. Bí ìpele sídì tó wà lára àwo náà bá wá láti ọwọ́ ẹni kan náà, ẹ ti ní adùn yìí tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ sídì yín. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún ẹ̀rọ méjì tí ohùn ọ̀kan fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ. Èyí tó ròkè ni etí máa ń sọ pé ó dùn jù, kódà bí ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan.

Yàrá àti gbohùngbohùn

Ẹ wo ibi tí ẹ ti ń gbọ́ orin. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, nígbà tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ tiwa tàbí ti aládùúgbò ni yóò gba afẹ́fẹ́. Ká ní ariwo yàrá jẹ́ 40 dB péré. Kí gbogbo 96 dB inú sídì tó lè jáde lókè ariwo yìí, ohùn gbọ́dọ̀ dé 136 dB, ìyẹn sì ti kọjá ibi tí etí ti ń dunni. Àyè tí sídì fún wa, a kò tíì lò ó tán. Ẹni tó ní ìńfátà tó dára tàbí sólà, tó lè pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ti ṣe fún orin rẹ̀ ju ẹni tó ra ẹ̀rọ SACD sínú ariwo lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn dùùrù, gbohùngbohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lára dùùrù tí fèrè rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ 16 wà ní nǹkan bí 33 Hz. Ti fèrè ẹsẹ̀ 32 wà ní nǹkan bí 16 Hz. Ọ̀pọ̀ gbohùngbohùn kékeré orí tábìlì ti ń dákẹ́ kó tó dé 50 Hz. Ẹ lè ra SACD tó dára jù láyé, apá kan orin náà kò ní dún. Ẹ ra gbohùngbohùn tó ń lọ sísàlẹ̀ tàbí sọ́búúfà kí ẹ tó ronú nípa ẹ̀rọ àwo.

Ibi tí ohùn ti ń jáde

Ibí yìí ni owó ti máa ń ṣòfò jù. Wọn kò jẹ́ kí ohùn SACD jáde láti inú ihò dígítà lásán, ìyẹn wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn (optical) àti wáyà kóásíà, nítorí wọn kò fẹ́ kí a dà á kọ. Ọ̀nà méjì ló kù: ihò RCA pupa àti funfun tó lọ tààrà sí áńpù, tàbí HDMI tó lọ sí rìsífà (áńpù tó ní ihò HDMI, tó sì ń gbé gbohùngbohùn púpọ̀) tó gba ohùn SACD.

Ẹ wo Sony UBP-X800 àti èyí tó tẹ̀ lé e, UBP-X800M2. Wọ́n dára, wọ́n ń gbé SACD. Wọn kò ní ihò RCA rárá. Ẹni tó bá ní áńpù àtijọ́ tí kò ní HDMI, tó ra ọ̀kan nínú wọn, kò ní gbọ́ SACD rẹ̀ títí yóò fi tún ra rìsífà. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn áńpù yín, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ihò tó wà níbẹ̀, kí bébà náà sì wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń lọ ra nǹkan.

Bí ẹ bá pinnu láti rà á

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa rà. Oppo, tí àwọn tó mọ ẹ̀rọ ń yìn, kò ṣe ẹ̀rọ àwo mọ́ láti 2018. BDP-103, BDP-105, UDP-203 àti UDP-205 ni kí ẹ máa wò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ Blu-ray lásán kan tí Sony ṣe, bíi BDP-S370, BDP-S590 àti BDP-S5100, ń gbé SACD. Ẹni tó ń tà á lójú ọ̀nà Ọba Adésidà tàbí ní Aràkálẹ̀ lè má mọ̀; ẹ̀rọ fíìmù ló mọ̀ ọ́n sí, owó ẹ̀rọ fíìmù ni yóò sì pè. PlayStation 3 ti 2006, onígígà 20 àti 60, náà ń gbé e. Èyí tí wọ́n sọ di tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn náà kò gbé e.

Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò kí ẹ tó ná an. Iná tiwa jẹ́ 230 V. Ti America jẹ́ 120 V, ti Japan jẹ́ 100 V. Bí wọ́n bá kọ 100–240 V síbẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá jẹ́ 100 V nìkan, ẹ má fi tráńsífọ́mà 110 V tó wọ́pọ̀ lọ́jà ṣe é. Iná yóò máa pọ̀ jù fún un lójoojúmọ́ títí yóò fi kú. Èyí tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yúróòpù ló bá iná wa mu. Ẹ fi sítébíláísà sí i lọ́nàkọnà.

Ẹ mú SACD oníìpele-méjì tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹni tó ń tà á bá fi sídì dán an wò tó sì kọrin, ìyẹn kò tíì sọ nǹkan kan nípa SACD. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ lésà tó ń ka sídì jẹ́ 780 nm, ti SACD jẹ́ 650 nm. Ọ̀kan lè ti rẹ̀ kí èkejì ṣì lágbára. Nígbà tí lésà SACD bá ti rẹ̀, ẹ̀rọ lè rọra bọ́ sórí ìpele sídì, kó máa kọrin lọ, ẹ kò sì ní fura. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ tàbí tẹlifíṣọ̀n. SACD ló gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ orin àkọ́kọ́, kí ẹ fò dé èyí tó kẹ́yìn tó wà létí àwo, kí ẹ sì tì í wọlé-jáde díẹ̀. Bó bá ń fò tàbí tó ń pẹ́ kó tó kà á, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ béèrè rimóòtù rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé rimóòtù nìkan ni ẹ fi lè bọ́ láti ìpele sídì sí SACD.

Ọ̀nà tí kò gba àwo

Apple Music ti ń gbé orin tí wọn kò dín ohùn rẹ̀ kù, títí dé bit 24 ní 192 kHz, láti 2021, láìfi owó kún owó oṣù. Kí ẹ tó lè gbọ́ èyí tó kọjá 48 kHz lórí fóònù, ẹ nílò DAC kékeré (ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn dígítà di èyí tí hẹ́dífóònù lè gbé jáde) tí a ń so mọ́ ojú ihò USB. Ẹ tún lè ra fáìlì lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ orin fúnra wọn, kí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà. Fún ẹni tó yege ìdánwò etí ṣùgbọ́n tí kò ní àwo SACD kan nílé, ọ̀nà yìí ni èmi yóò gbà á nímọ̀ràn, kó máa wo iye tí dátà ń gbà lóṣù.

Ẹni tí mo máa sọ fún pé kó rà á

Ẹni tó ti ní SACD nílé tó ń fi ẹ̀rọ sídì gbọ́, ẹni tó ní rìsífà pẹ̀lú gbohùngbohùn márùn-ún, àti ẹni tí bébà rẹ̀ kún fún orin kíláásíkà, tó ṣì fẹ́ ìwé pẹlẹbẹ tó máa ń bá àwo wá, tí ọ̀rọ̀ orin àti ìtàn bí wọ́n ṣe gba ohùn wà nínú rẹ̀. Ẹ rà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdánwò ABX dẹ́rù bà yín, torí ohùn yíká àti àwo tí ẹ lè fi ọwọ́ dì mú kì í ṣe ohun tí ìdánwò náà ń wọ̀n.

Bó bá ti délé, ẹ kọ́kọ́ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kó máa ka ìpele SACD ṣáájú sídì, kí ẹ sì yan ọ̀nà méjì tàbí ohùn yíká gẹ́gẹ́ bí gbohùngbohùn yín ṣe pọ̀ tó. Ẹ bò ó ní aṣọ nígbà ọyẹ́ tí ẹ kò bá lò ó, torí eruku ojú lẹ́ńsì ló ń tètè pa lésà. Ẹ má sì ra àwo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra méjì láti inú mẹ́wàá orí bébà, kí ẹ gbọ́ wọn dáadáa kí ẹ tó ra òmíràn.